Bàbá Àdéhùn, Ẹni Tó Ń Pe Ewé Tí Kò Ní

Orí àga gíga kan bíi ti onígbàjámọ̀ ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Lẹ́tà inú ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò mọ́ mi lójú, wọ́n sì sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń ṣe awò ojú, pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ó gbé férémù wúwo kan lé mi nímú, ó ń ti dígí kan bọ inú rẹ̀, ó ń yọ òmíràn, ó sì ń bi mí pé, "Èwo ló mọ́lẹ̀ jù, ti àkọ́kọ́ ni àbí ti ìkejì?" Mo ń dáhùn bọ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tó yá, láì yí ohùn padà, ó ní, "Ṣé ẹ máa ń ta káàdì?"

Mo ní mo máa ń ta á díẹ̀díẹ̀.

"Bíríìjì?"

Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Ó sún mọ́ mi. "Tí ẹnìkejì yín bá pe Kò-sọ́gá, tí ẹ̀yin wá pe ewé méjì, kí lẹ ní lọ́wọ́?"

"Ewé ni," ni mo sọ.

Ó rọra yọ férémù náà kúrò lójú mi, ó wò mí bí dókítà ṣe ń wo ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá oògùn. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ojú yín kọ́ ló ń dà yín láàmú."

Kí ẹni tí kò mọ ayò yìí má baà sọnù sójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí. Èèyàn mẹ́rin ló ń jókòó yí tábìlì ká, àwọn méjì tó sì kọjú síra ni ẹgbẹ́ kan. Ẹni tó wà níwájú ẹni ni à ń pè ní ẹnìkejì ẹni. Káàdì mẹ́tàlá ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oríṣi mẹ́rin ló wà: ewé, dáyámọ́ńdì, ọkàn, àti èyí dúdú tó dà bí ojú ṣọ́bìrì, tí àwa tó ń pàdé ní gbọ̀ngàn láti ta ayò yìí ti sọ ní ọkọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí mo ṣe tò wọ́n yìí náà ni wọ́n ṣe ga jura lọ nínú ìpè, ọkọ́ ló wà lókè. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ju káàdì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, èyí tó ga jù ló kó gbogbo rẹ̀. Ìjẹ kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a tó ju ohunkóhun, ìpè la kọ́kọ́ ń pè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní gbànjo. Ẹnì kan á pe iye ìjẹ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè jẹ, a máa ń fi mẹ́fà kún iye tó bá pè, á sì dárúkọ oríṣi káàdì tó fẹ́ kó jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn yòókù. Ẹni tí kò fẹ́ ọ̀gá kankan á ní, "Kò-sọ́gá." Ẹni tó tẹ̀ lé e á pe èyí tó ga ju ìyẹn lọ, tàbí kó ní òun kọjá. Ẹgbẹ́ tí ìpè wọn bá ga jù ló gbọ́dọ̀ mú ìlérí wọn ṣẹ.

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpè nìkan ni ẹnu. Ìdí nìyí tí àwọn ẹnìkejì fi máa ń dá àdéhùn láàárín ara wọn: tí mo bá pe báyìí, báyìí ló túmọ̀ sí. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Alátakò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìtumọ̀, ẹnìkejì ẹni tó pè ló sì máa dáhùn. Ẹni tó pè fúnra rẹ̀ á dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá rẹ̀. Bí ìtumọ̀ náà bá ṣì, tí ìpè sì já mọ́ ẹgbẹ́ wọn lọ́wọ́, òfin ní kí ẹni tó pè tún un ṣe létí gbogbo wa kí káàdì àkọ́kọ́ tó balẹ̀.

Orúkọ kan náà tí à ń pe afárá ojú títì ni a ń pe ayò yìí. Iṣẹ́ afárá ni kó so etí odò méjì pọ̀. Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí kọ́ afárá tó pọ̀ láyé rẹ̀, wọ́n ga, wọ́n sì lẹ́wà, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba orí wọn.

Ọmọ onígbànjo ni. Inú àgbàlá tí bàbá rẹ̀ ti ń lu gbànjo àga àlòkù ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé ẹni tó fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù jù kì í wo kọ́bọ́ọ̀dù, àga ló máa ń wò. Àwọn ọmọ yòókù rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ gbá bọ́ọ̀lù. Òun fi ṣe ẹ̀sìn. Láti kékeré ló ti gbà pé òmùgọ̀ ló ń pe ohun tó ní lọ́kàn. Nígbà tó wá ń kọ́ṣẹ́ dígí, tó rí i pé ayò kan wà láyé tó ní òfin fún irú èrò bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀ tó ti sọnù. Òwe tó fẹ́ràn jù ni pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Tirẹ̀ kì í ṣe ààbọ̀. Ìdámẹ́rin ọ̀rọ̀ ló ń sọ, á wá máa bínú pé kò di odindi.

Èèyàn dáadáa ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Táyà òkúta kékeré tó fi ń lọ dígí kì í dákẹ́, omi ń kán sí i lára tó, tó, tó. Férémù so mọ́ ògiri láti orí kékeré dé orí ńlá. Fún àwọn ọmọdé ó máa ń so rọ́bà mọ́ ẹ̀yìn awò kó má baà já bọ́ níbi eré, kì í sì í gba nǹkan kan lórí rọ́bà náà. Tó bá ti kúrò nídìí táyà rẹ̀ tó dé gbọ̀ngàn wa ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹlòmíràn ni. "Àdéhùn wa ńkọ́?" lọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́ káàdì kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ọ́ títí tí ẹgbẹ́ fi sọ ọ́ ní Bàbá Àdéhùn. Ó gba orúkọ náà bí oyè.

Ẹnìkejì rẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin náà há àdéhùn gbogbo sórí, ṣùgbọ́n Bàbá Àdéhùn a máa tún wọn ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí "mo lágbára" ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ti di "ẹ gbà mí" ní Ọjọ́bọ̀ yìí. Ọ̀gá ilé-ìwé rọra to káàdì rẹ̀ jọ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àbúrò, ìdánwò ni mo sá fún tí mo fi fẹ̀yìn tì," ó sì lọ sílé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lọ́yà kan. Àwọn méjèèjì bára mu púpọ̀, ìyẹn ló bà wọ́n jẹ́. Lórí àlàyé ìpè kan ṣoṣo, àwa yòókù ti kó àga jọ, a ti pa iná apá kan gbọ̀ngàn, wọ́n ṣì wà lórí "tí ó bá jẹ́ pé."

Apòògùn ló pẹ́ jù níwájú rẹ̀. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ẹni tó máa ń ka oògùn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ike láti àárọ̀ dé alẹ́ gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Ó wá di ọjọ́ tí apòògùn pe Kò-sọ́gá kan. Bàbá Àdéhùn pe ewé méjì. Nínú àdéhùn wọn, ewé méjì yìí kò kan ewé rárá. Ìbéèrè ni, ó ń béèrè bóyá apòògùn ní ọkàn tàbí ọkọ́ mẹ́rin. Apòògùn ti ka oògùn púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wo káàdì rẹ̀, ó wo òkè, ó ní, "Mo kọjá."

Bí ewé ṣe di ọ̀gá nìyẹn. Ewé mẹ́ta péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì nínú mẹ́tàlá. A jẹ wọ́n bí eéṣú ṣe ń jẹ oko.

"Apòògùn," ni Bàbá Àdéhùn wí nígbà tó tán, ohùn rẹ̀ tinrín bí etí dígí, "ewé wo lẹ rí tẹ́ ẹ fi kọjá?"

"Èyí tẹ́ ẹ pè."

"Ìbéèrè nìyẹn! Ìbéèrè ni mo bi yín!"

"Ìbéèrè?" ni apòògùn dáhùn. "Mi ò gbọ́ 'ṣé', mi ò gbọ́ 'ǹjẹ́'. Ewé méjì ni mo gbọ́."

"Àdéhùn wa ńkọ́?"

"Alàgbà, ewúrẹ́ ló ń ké pe ewé tí inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá rí i. Ewé yín rèé. Ẹ jẹ ẹ́."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Àdéhùn tẹ̀ lé ọkùnrin náà títí dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó dúró láàárín àwọn oníbàárà, ó ń ṣàlàyé. "Bí ẹnì kan bá wá síbí tó ní kẹ́ ẹ fún òun ní oògùn ikọ́, ṣé ti inú rírun lẹ máa fún un?"

"Tó bá jẹ́ ikọ́ ló pè," ni apòògùn wí, "ikọ́ ni mo máa tọ́jú. Ta ló kàn?"

Báyìí ni ó ṣe wà láìlẹ́nìkejì. Ìdíje ọdọọdún sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Alága ẹgbẹ́ wa jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ṣì ń mú kí èèyàn fẹ́ ká apá aṣọ sókè fún abẹ́rẹ́. Ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ mú ẹni tó máa jókòó níwájú yín wá. Tẹ́ ẹ ò bá rẹ́ni, mo máa fi ààyè yín fún ẹlòmíràn, ẹ̀yin á sì máa wá wòran."

Ó dà bí ìgbà tí a sọ fún ẹja pé kó máa wá wo odò. Ọkùnrin yìí kò mu ọtí, kò wo bọ́ọ̀lù, kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí òṣèlú. Ayò yìí nìkan ló ní, bí wọ́n bá sì gba àga rẹ̀, kò sí ibòmíràn tó máa gbé ọgbọ́n gbogbo tó wà lórí rẹ̀ sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá kiri. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹnì kan ní ìyá òun ń ṣàìsàn, ìyá tí gbogbo wa jọ sin. Onímọ́tò kan tí kò mọ káàdì rárá ní kò burú, òun á wá. Ó jókòó gbọ́ àdéhùn mẹ́rin àkọ́kọ́, ó ní òun ń lọ wo táyà ọkọ̀ òun, a kò sì rí i mọ́.

Ẹnì kan wà tí kò tíì bẹ̀. Ó wà nílé rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Yàrá iwájú ló ti ń ránṣọ, ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí ojú títì, kò sì wá sí gbọ̀ngàn rí. Bó ti wù kó rí, ó mọ ayò náà. Gbogbo oúnjẹ alẹ́ tó ti gbé kalẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ẹ̀sùn ẹnìkejì kan ni ọkọ rẹ̀ fi ń jẹ ẹ́. Bí èèyàn ṣe ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé tó fi ń mọ orin wọn ni. Nígbà míì á béèrè pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pe ewé nígbà tẹ́ ẹ ò ní ewé?" Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní kó fi èyí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tó wá bá a, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu awò ojú rẹ̀. "Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀."

Kò gbójú kúrò lára aṣọ. "Apòògùn náà ti lọ?"

Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní. Ojú ni ọkùnrin yìí ń tọ́jú láti àárọ̀ ayé rẹ̀, kò sì tíì ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ kò kọ́ṣẹ́ dígí, ó sì ń kà á láti ẹ̀yìn.

Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ parí. Ó gé òwú. "Ọ̀rọ̀ méjì ni mo ní, Bàbá Ìbejì. Èkíní, ohun tí mo bá pè, mo ní in. Tí mi ò bá ní in, mi ò ní pè é. Èkejì, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bá mi wí lójú àwùjọ, mo dìde nìyẹn. Mi ò ní bá yín jà o. Ó kàn jẹ́ pé mi ò tún ní jókòó níwájú yín níbẹ̀ mọ́, láé."

"Mo gbà," ni ọkọ wí kíá. "Ewé méjì ńkọ́?"

"Kí ló ṣe ewé méjì?"

"Ìbéèrè ni. Kò sẹ́ni tó ń ta bíríìjì láìsí ewé méjì, Ìyá Ìbejì. Ó dà bí aṣọ tí kò lọ́rùn."

Ìyàwó rò ó. "Ó dáa. Ewé méjì, ìbéèrè ni. Mo gbà á. Ẹyọ kan ṣoṣo nìyẹn."

Ọmọ onígbànjo ni, kò lè ṣe kó má dúnàá-dúrà. Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń gbìyànjú láti ki àdéhùn kejì, ìkẹta, ìkọkànlá sí i lórí. Ìyàwó á kàn fi abẹ́rẹ́ mẹ́fà sẹ́nu bí àwọn aránṣọ ṣe ń ṣe, ta ló lè dáhùn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mẹ́fà lẹ́nu? Ewé méjì tó gbà nìkan ló ń kọ́ lákọ̀ọ́sórí. Oníbàárà kan sọ fún mi pé bó ṣe ń wọn òun lọ́wọ́ ló ń sọ pé, "Èjìká, mẹ́rìndínlógún. Ewé méjì, ìbéèrè ni. Àyà, ogójì." Oníbàárà náà ní, "Ewé wo, Màámi? Aṣọ aláìlódòdó ni mo mú wá o."

Nígbà tó kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn, a kí i káàbọ̀ bí a ṣe ń kí gbogbo obìnrin tó bá wá síbẹ̀. Ó pe ọkọ́ méjì, tábìlì kẹta sì ké sí i pé, "Ẹyọ kan tẹ́ ẹ ní ò tó yín ni?" Kò wojú wọn. Ó ní, "Ọkọ́ ni mo pè. Ọkọ, ẹ wò ó níwájú mi, ta ló tún fẹ́ òmíràn?" Láti ìgbà náà ni tábìlì kẹta ti ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, wọ́n jọ ń rìn bọ̀. Àwọn méjèèjì ti ròyìn rẹ̀ fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìròyìn wọn sì bára mu, ohun kan ṣoṣo tí ó bára mu nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Níwájú ilé epo, níbi tí ọ̀kadà ti ń ya sọ́tùn-ún sósì, ara ọkọ kò gbà á mọ́. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, nǹkan kékeré kan. Tí mo bá pe Kò-sọ́gá, tí o wá pe ọkàn, a jẹ́ pé ọkọ́ lo ní."

"Tó bá wá jẹ́ ọkàn ni mo ní?"

"O máa pe dáyámọ́ńdì."

"Tó bá jẹ́ dáyámọ́ńdì ni mo ní ńkọ́?"

"O ò ní ní dáyámọ́ńdì."

Ìyàwó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ọ̀kadà tó ń bọ̀. "Mo gbọ́," ó ní. Wọ́n sọdá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa ọjọ́ náà: wọ́n ta ayò bí ẹni pé wọ́n ti ń ta á pọ̀ láti inú oyún. Obìnrin náà pe ọkàn, ọkàn ló ní. Ó kọjá, kò ní nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀, tí kò rí irú èyí rí, kò nílò láti ronú, nítorí náà kò rí ààyè láti ronú jù. Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí káàdì rẹ̀ bí ọmọdé. Nígbà tí alága ka àmì tó ṣáájú ti ìgbẹ̀yìn sókè, àwọn ló wà lókè téńté. Èmi àti apòògùn, tó ti di ẹnìkejì mi, la tẹ̀ lé wọn. Ọwọ́ káàdì kan ló kù, tábìlì kan náà la sì ti bá ara wa.

Bàbá Àdéhùn nu awò ojú rẹ̀, ó tún un nù. Ó pe Kò-sọ́gá kan. Èmi kọjá. Ìyàwó rẹ̀ to káàdì rẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ọkàn méjì."

Apòògùn, tó mọ ẹni tó ń bá lò, béèrè pé, "Alàgbà, kí ni ìpè yẹn túmọ̀ sí?"

Inú ọkùnrin náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ fi pọ́n. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. "Kò ní í ṣe pẹ̀lú ọkàn," ó ní. "Ọkọ́ ló ní, márùn-ún ó kéré tán. Àdéhùn wa nìyẹn." Ìyàwó rẹ̀ kò mira. Òfin ní kó dákẹ́, ó sì dákẹ́.

"Ọkọ́ méjì," ni ọkọ pè.

"Ọkàn mẹ́ta," ni ìyàwó dáhùn.

Bí èmi bá pe ọkàn, tí ìyàwó mi gbọ́ ọkọ́, tí mo sì tún padà pe ọkàn, mo rò pé á yé e pé ọkàn ni mò ń wí. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò ní àdéhùn lórí. Bàbá Àdéhùn ronú jinlẹ̀. Ó rí i pé ìyàwó òun ní ọkọ́ márùn-ún, ó sì tún ní ọkàn. Ó wú u lórí.

"Ọkọ́ mẹ́ta."

"Ọkàn mẹ́rin."

"Ọkọ́ mẹ́rin."

"Ọkàn márùn-ún," ni ìyàwó wí, ó ń wò ó lójú báyìí.

Èmi àti apòògùn kàn ń kọjá, à ń kọjá. Gbànjo tọkọtaya nìyẹn, ẹrù kan náà, àpò kan náà, kò sì sí oníbàárà mìíràn nínú àgbàlá. Àwọn tábìlì yòókù ti yíjú sí wa.

"Ọkọ́ márùn-ún!"

Ìyàwó wo káàdì rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. "Mo kọjá."

Apòògùn sọ ìyà tí Bàbá Àdéhùn máa jẹ bí ìlérí rẹ̀ kò bá ṣẹ di ìlọ́po méjì, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe gba alátakò láàyè. Mo na ọwọ́ láti ju káàdì àkọ́kọ́, obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Òfin ní kí n sọ ọ́ kí káàdì tó balẹ̀. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún yín lẹ́ẹ̀kan yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí àdéhùn bẹ́ẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi."

Mo ju káàdì mi. Ó wá tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo wa rí i, gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì ẹni tó gba ìpè ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. Ọkàn méje wà níbẹ̀, wọ́n pupa roro. Ọkọ́ jẹ́ ẹyọ kan. Mẹ́ta wà lọ́wọ́ ọkọ. Mẹ́sàn-án wà lọ́wọ́ wa.

Gbogbo ẹgbẹ́ mọ ọ̀rọ̀ méjì tí obìnrin náà fi lélẹ̀ kó tó gbà láti wá. Ẹnu aránṣọ kì í ṣe àpò, oníbàárà rẹ̀ sì pọ̀ nínú wa. Ojú gbogbo wa wà lára Bàbá Àdéhùn. Ife ẹ̀yẹ ti lọ, ìyẹn ti yé kálukú. Ohun tó kù ni ẹnìkejì tó kẹ́yìn tí ó lè rí láyé, ó sì jókòó síwájú rẹ̀. Kó sáà dákẹ́ ni. Mo rí i tó pa ètè pọ̀. Mo rí i tó gbé e mì. Mo rí i tó tún pọ̀ ọ́ padà.

"Kò sí àdéhùn, báwo? Níwájú ilé epo láàárọ̀ yìí ńkọ́? Ṣé mi ò sọ ọ́ ni?"

"Ẹ sọ ọ́."

"O sì ní o gbọ́!"

"Mo gbọ́. Mi ò ní mo gbà."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìbejì, ìgbà tí mo gbà, mo ní mo gbà. Ti ewé méjì, mo gbà á. Èyí, mo gbọ́ ọ. Mo tún gbọ́ ọ̀kadà."

Bí kò bá sọ nǹkan kan mọ́, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá tún ṣe é ṣe. Ọkùnrin tó lè rí àlàfo tó tinrín bí irun orí láàárín dígí méjì kò rí èyí. Ó na ìka sí ọkàn méje náà. "Olórí kunkun," ó ní, níwájú gbogbo wa. "Odindi ọ̀sẹ̀ ni mo fi kọ́ ẹ! Ẹni tó lórí pípé wo ló ń pe ọkàn torí pé ó ní ọkàn?"

Obìnrin náà dìde. Kò fi ìbínú ti àga. Ó gbé e, ó fi sábẹ́ tábìlì dáadáa.

"Ìyá Ìbejì, jókòó."

"Mo ti jókòó tó," ó ní. Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó ti alága, ó béèrè omi mu. Ilé kan náà ni wọ́n ń lọ, ó ń dúró dè é.

Òfin gba olùpè láàyè láti ta ọwọ́ méjèèjì, tirẹ̀ àti èyí tí ẹnìkejì rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀. Bàbá Àdéhùn ta á dópin. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ ó ní ẹnìkejì tó ń ṣe ohun gbogbo tó bá fẹ́, tí kò gbàgbé, tí kò ṣì í gbọ́, tí kò sì dá a lóhùn: àga òfo. Ó ṣèlérí ìjẹ mọ́kànlá. Ó jẹ márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ pé ó kọjá nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pe ọkàn mẹ́rin, a kà á lẹ́yìn náà, wọn ì bá jẹ mẹ́wàá láì làágùn. Ife náà bọ́ sọ́wọ́ èmi àti apòògùn, tí a kò ṣe ju pé a ń kọjá, à ń kọjá.

Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ nílé. Obìnrin náà kò bínú, ó gbé oúnjẹ fún un, ó bi í nípa iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ní rárá. Àwọn ìbejì wọn fi bíríìjì sórí fóònù fún un, kó máa bá ẹ̀rọ ta á. Ó ṣe ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan ó pe àwọn ọmọ náà láti ṣọ́ọ̀bù, ó ń béèrè ẹni tí èèyàn lè fi ẹjọ́ ẹ̀rọ sùn. Ó pe ewé méjì nígbà tí kò yẹ, ẹ̀rọ sì kọjá.

Alága wa ló wá jókòó níwájú aránṣọ. Àdéhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ewé méjì, wọn a sì máa gbàgbé rẹ̀. Wọ́n gbé ife lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ní báyìí, ọwọ́ Bàbá Àdéhùn ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, òun ló ń to tábìlì àti àga. Tí a bá sì bẹ̀rẹ̀, á lọ jókòó lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, níbi tí òfin kò ti gba òǹwòran láàyè láti sọ̀rọ̀.